Ọwọ́ Lọ̀rọ̀ Wà: Helen Keller àti Àwọn Tó Ń Bèèrè Ẹni Tó Ni Ọ̀rọ̀ Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lápá ọ̀tún, ẹ dijú. Ẹ̀yin apá òsì, ìwé pélébé wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ fi ìka kọ ohun tó wà nínú ìwé náà sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má sọ ọ́ jáde o.

Ẹ ṣeun. Mo rí i pé ẹ̀rín ń pa àwọn kan, ọwọ́ sì ń yún àwọn kan. Ta ló mọ ohun tí wọ́n kọ sí i lọ́wọ́? Ẹni mẹ́rin péré. Lẹ́tà mẹ́ta ni: *omi*.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni. Ojú ni ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, tí ọmọ fi ń mọ̀ pé kí òun má mú ẹran kejì. Ṣùgbọ́n obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò ríran, kò gbọ́ràn. Ní tirẹ̀, ọwọ́ lọ̀rọ̀ wà. Nítorí pé ọwọ́ elòmíì ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan tẹ̀ lé e láti kékeré títí tó fi kú, kò sì tíì fi í sílẹ̀: ṣé òun ló ń sọ̀rọ̀ ni, àbí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú?

Wọ́n bí Helen Keller ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1880 ní Tuscumbia, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀, Arthur Keller, jẹ́ kápútẹ́nì nínú ọmọ ogun àwọn ìpínlẹ̀ tó jà kí oko ẹrú má baà tán. Lẹ́yìn ogun ó di olóòtú ìwé ìròyìn. Oṣù 19 ni Helen wà tí àìsàn líle kan fi kọlù ú. Ara rẹ̀ yá, ilé dùn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí i pé àìsàn náà ti kó ojú àti etí ọmọ lọ.

Gbogbo wa la mọ orúkọ Anne Sullivan, olùkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olùkọ́ ló kọ́kọ́ bá Helen sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, Martha Washington, ọmọ obìnrin tó ń dáná nílé Keller. Ó fi nǹkan bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta ju Helen lọ. Àwọn méjèèjì ní àmì ọwọ́ tiwọn. Bí Helen bá fẹ́ kí wọ́n lọ wá ẹyin awó nínú koríko, yóò di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, yóò gbé wọn sílẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan róbótó kan wà nínú koríko. Martha kì í ṣì í gbọ́. Wọ́n ń jà pẹ̀lú; ìgbà kan wà tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé irun ara wọn. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ ọ̀gá ni ọ̀kan, ọmọ ìránṣẹ́ ni èkejì; èyí tó bá wu Helen ni wọ́n sábà máa ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó dàgbà. Síbẹ̀, lásìkò tí àwọn kan nínú mọ̀lẹ́bí gbà pé orí ọmọ náà kò pé, Martha ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àti eré tí wọ́n ń ṣe nípa Helen, àfi kí ẹ wá Martha tì níbi tó yẹ kó jókòó sí.

Anne dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1887. Ọmọ ogún ọdún ni. Ọmọ àwọn ará Ireland ni, òtòṣì paraku. Ilé àwọn aláìní ní Tewksbury ló gbé ní kékeré, ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ kú sí. Ojú tirẹ̀ náà kò dá. Ìyókù ìtàn yẹn, ẹ gbọ́ ọ nílé ìwé: ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, ìdí pọ́ǹpù, omi tútù ń ṣàn lórí ọwọ́ kan, Anne ń kọ *water* sí èkejì, ọmọ dúró gbagidi, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yé e pé nǹkan ní orúkọ.

Mo fẹ́ tún ohun kan ṣe níbẹ̀. Anne kò fi ìka fa lẹ́tà bí ẹ ti ṣe lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní bí a ṣe ń ká ìka fún un, ẹni tó ń gbọ́ yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó ń sọ, á sì máa ka ìka bí wọ́n ṣe ń yí. Ó yá púpọ̀. Mo máa ń rò ó pé ká ní Yorùbá ni, báwo la ó ṣe fi ohùn sí i? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ìka kan náà, ọ̀kan ń bẹ nílé, ọ̀kan ń bẹ lóko, ọ̀kan ń bẹ ní títì, ọ̀kan ń pa ènìyàn. Ẹ̀yin olùkọ́ àwọn adití tí ẹ wà níbí, ẹ ó là mí lọ́yẹ̀ lẹ́yìn àsọyé.

Ìdí pọ́ǹpù yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi Helen sí. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà náà. Ó sì lo ọdún 81 sí i láyé.

Ní ọdún 1891, ó kọ ìtàn kékeré kan nípa ọba òtútù àti bí ewé igi ṣe ń yí àwọ̀ padà. Ó fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún Michael Anagnos, ọ̀gá ilé ìwé àwọn afọ́jú Perkins ní Boston. Inú ọ̀gá dùn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi kíyè sí i pé ìtàn náà jọ èyí tí Margaret Canby ti kọ ṣáájú, ó jọ ọ́ kọjá ohun tí ènìyàn lè pè ní kòńgẹ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ka ìwé Canby sí i lọ́wọ́ ní ọdún 1888, nígbà tí ọ̀rọ̀ tó ní kò tíì tó nǹkan. Ó ti gbàgbé pé òun gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gbàgbé rẹ̀.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ, mẹ́rin afọ́jú, mẹ́rin olójú. Wọ́n ní kí Anne bọ́ síta. Wọ́n dá ọmọ ọdún 11 jókòó, ọmọ tí kò ríran tí kò gbọ́ràn, wọ́n sì ń bi í ní ìbéèrè bíi wákàtí méjì. Ìbò pín ọgbọọgba. Ìbò Anagnos ló dá a láre. Nígbà tó yá, Anagnos náà yí padà.

Nínú agbo tí a ti ń pa àlọ́, ta ló ń bi ọmọdé pé ta ló ni Ìjàpá? Gbogbo wa la gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì kó tó di tiwa. Nígbà tí Mark Twain, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà, gbọ́ ìtàn náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó lé, ó kọ̀wé sí Helen, ó bú àwọn ìgbìmọ̀ yẹn dáadáa, ó ní ọ̀rọ̀ àgbàsọ ni gbogbo ayé ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ náà ti wọlé sára. Ó kọ ọ́ pé fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí òun bá ń kọ lẹ́tà, kódà sí ìyá òun, ẹ̀rù a bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun, òun a tún gbólóhùn náà sọ lásọtúnsọ, kó má lọ jẹ́ pé inú ìwé kan ni òun ti rí i.

Ó lọ sí Radcliffe, yunifásítì àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ Harvard, ní ọdún 1900. Ìdánwò ìwọlé nìkan tó ìtàn. Ìwé afọ́jú tí à ń pè ní Braille kò tíì jẹ́ ọ̀kan náà nígbà yẹn. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ku ọjọ́ méjì kí ó ṣe ìdánwò álíjẹ́bírà ló mọ̀ pé àmì tí wọ́n máa fi tẹ ìbéèrè kì í ṣe èyí tí òun mọ̀. Ó jókòó tì í, ó kọ́ ọ, ó yege. Ní ọdún 1904, ó gba oyè B.A. pẹ̀lú ìyìn, adití-afọ́jú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Anne jókòó tì í ní gbogbo kíláàsì, ó ń kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sí i lọ́wọ́, ojú rẹ̀ tí kò dá sì ń burú sí i. Wọ́n kò fún Anne ní ìwé ẹ̀rí kankan, èyí dùn mí díẹ̀.

Ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní 1903, kó tó jáde. Ní 1908 ó tún kọ òmíràn nípa bí ayé ṣe rí lábẹ́ ọwọ́ àti ní imú rẹ̀, èmi sì fẹ́ràn ìyẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní òun máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ ní wákàtí mélòó kan ṣáájú, láti inú òórùn. Bí ènìyàn bá wọlé, òórùn igi, ti irin, ti ọ̀dà tàbí ti oògùn tó lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀ á sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún un. Àwọn lámèyítọ́ sì ń dá a lẹ́kun: kí ló dé tó ń lo ọ̀rọ̀ àwọn olójú àti ọ̀rọ̀ àwọn elétí? Báwo ló ṣe máa sọ pé òun “rí”, pé òun “gbọ́”? Ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà níbí díẹ̀. Nínú èdè tiwa, imú ń gbọ́: òórùn la ń gbọ́. Ahọ́n ń wò: a ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ọwọ́ ń wò: a ń fọwọ́ bà á wò. Ẹrù, a ń gbé e wò; bàtà, a ń wọ̀ ọ́ wò. Ká ní èdè Yorùbá ni obìnrin yìí fi kọ ìwé, ẹjọ́ yẹn kì bá tiẹ̀ dé kóòtù.

Títí di ìgbà yẹn, ọmọ dáadáa ni lójú gbogbo ènìyàn. Olówó ń sanwó ilé ìwé rẹ̀, ààrẹ ń gbà á lálejò. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó ń fọ́ ènìyàn lójú ni wàhálà dé. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tí kò ní ààbò ń fọ́ òṣìṣẹ́ lójú. Ipò òṣì ń fọ́jú. Ní 1907, nínú ìwé ìròyìn Ladies’ Home Journal, ó dárúkọ ohun tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí obìnrin ilé ire dárúkọ: àrùn ìbálòpọ̀ tí ọkọ gbé wálé, tí ìyá kó, tó sì ń fọ́ ọmọ lójú bí wọ́n bá ti bí i. Ẹ̀kán oògùn kan péré lójú ọmọ tuntun ló tó láti dènà rẹ̀. Wọ́n mọ oògùn yìí; ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 1909 ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Socialist, àwọn tó ń jà fún òṣìṣẹ́. Ó jà kí obìnrin lè dìbò. Ní 1916, ọmọ kápútẹ́nì oko ẹrú yìí fi $100 àti lẹ́tà gbígbóná ránṣẹ́ sí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ojú ti àwọn ará ilé rẹ̀ ní Alabama.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Olóòtú ìwé ìròyìn Brooklyn Eagle, ẹni tó ti yìn ín rí débi pé ojú ti Helen, kọ ọ́ báyìí pé àṣìṣe rẹ̀ wá láti inú àbùkù ara rẹ̀. Àwọn mìíràn ní Anne àti ọkọ Anne, John Macy, ló ń ti ọ̀rọ̀ sí i lọ́wọ́. Helen dáhùn ní 1912 nínú ìwé ìròyìn New York Call. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ọgbọ́n òun ti dín kù láti ìgbà tí òun ti pàdé olóòtú náà. Ó ṣàlàyé ohun tí òun kà àti bí òun ṣe kà á: ìwé ìròyìn Jámánì kan tí wọ́n tẹ̀ ní Braille ń dé sọ́dọ̀ òun, ìka òun lòun fi ń kà á. Anne fúnra rẹ̀ kì í ṣe Socialist ní àkókò yẹn. Kò fara mọ́ ìjà ìbò àwọn obìnrin náà. Ẹ wò ó: ẹni tí wọ́n ní ó ń fi ọ̀rọ̀ sí i lọ́wọ́, kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ó ṣojú mi rí. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi kan tí kò ríran lọ sí báǹkì kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi kí òṣìṣẹ́ tó jókòó, wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́, ketekete. Òṣìṣẹ́ náà kọjú sí mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bàbá lè fọwọ́ sí ìwé?” Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Bi mí. Ẹnu mi ló ń sọ̀rọ̀.” Òṣìṣẹ́ tún kọjú sí mi. Òfin tó de irú ìwà yìí ti wà ní Nàìjíríà láti 2019, ṣùgbọ́n òfin kì í bá ènìyàn jókòó sídìí káńtà.

Ọdún 1916 tí Helen kọ̀wé sí NAACP náà ló fẹ́ lọ́kọ. Peter Fagan lorúkọ rẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ ni. Anne ń ṣàìsàn, Fagan wá ràn án lọ́wọ́, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 36 ni Helen. Wọ́n ti lọ gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó ní Boston kí ìwé ìròyìn tó tú u. Ìyá rẹ̀ ní kò ṣẹlẹ̀ níṣojú òun. Ọkùnrin náà bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí gbogbo ayé ń sọ pé ó ṣẹ́gun òkùnkùn, wọn kò gbà pé ó lè sọ “mo fẹ́ ẹ” kó sì dá a lójú.

Owó kò sí. Láti 1920 di 1924, òun àti Anne ń ṣeré lórí ìtàgé, lẹ́yìn oníjó, ṣáájú ẹni tó ń kọ́ ẹran ní iṣẹ́ àrà. Àwọn ènìyàn pàtàkì ní àbùkù ni. Inú Helen dùn síbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn bí èrò ṣe ń mí, ó ń gbọ́ pàtẹ́wọ́ láti ẹsẹ̀. Èrò á bi í ní ìbéèrè, ó á dáhùn kíákíá. Wọ́n bi í pé ṣé ó máa ń dijú bó bá ń sùn. Ó ní òun rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò tíì wà lójúfò rí kí òun fi wò ó. Ta ló kọ ìyẹn sí i lọ́wọ́?

Bí a bá wá gbà pé tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ní láti gba gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1915, dókítà kan ní Chicago, Harry Haiselden, kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tuntun kan tí ara rẹ̀ ní àbùkù púpọ̀. Ó jẹ́ kó kú. Helen Keller kọ̀wé sí ìwé ìròyìn The New Republic, ó gbè sẹ́yìn dókítà. Ó ní kí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà máa jókòó dájọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó yẹ kó yè àti ẹni tí kò yẹ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà yẹn, mo pa ìwé dé. Ọmọ tí wọ́n fi ìgbìmọ̀ dá jókòó ní Perkins ló ń pe ìgbìmọ̀ lé ọmọ ẹlòmíì lórí. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń fò ó kọjá. Àwọn kan ní èrò ìgbà náà ni, gbogbo ọ̀mọ̀wé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ jẹ́ èrò tirẹ̀, kí n wá sọ pé èyí jẹ́ ti ìgbà. Òun ló sọ ọ́. Ó burú. Akàndá ẹ̀dá tó bá ń kà á lónìí ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí i.

Láti 1924 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú American Foundation for the Blind, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn afọ́jú ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣe é títí ara fi kọ̀. Ó lọ bá àwọn aṣòfin, ó bẹ̀bẹ̀ owó, ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí owó ìrànwọ́ fún àwọn afọ́jú wọ inú òfin 1935. Ó lé ní orílẹ̀-èdè 30 tó dé. Ní 1948 ó fọwọ́ kan ojú ẹni tí bọ́ǹbù jó ní Hiroshima. Àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa náà, wọ́n ń pín fítámì A fún àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà kí ojú wọn má baà fọ́. Gbogbo èyí dára, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí òun gan-an ni wọ́n ń fi sí orí sítáǹbù.

Ìbéèrè yẹn kò tíì kú. Lórí TikTok, láti nǹkan bí 2020, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ ọ́ pé irọ́ ni, pé kò sí bí ẹni tí kò ríran tí kò gbọ́ràn ṣe lè kọ ìwé méjìlá. Wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, àwọn kan kì í ṣẹ̀fẹ̀.

Anne kú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 1936, ọwọ́ Helen wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Helen bẹ̀rẹ̀ ìwé kan nípa rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1946, nígbà tó wà ní Yúróòpù, ilé rẹ̀ ní Connecticut jóná, ìwé náà jóná mọ́ ọn, lẹ́tà, àkọsílẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 66. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1955, ọdún 19 lẹ́yìn tí ẹni tí wọ́n ní ó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọ ilẹ̀.

Mo ti sọ tèmi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́.